Ẹni Tó Háyà Fóòmù Lọ́wọ́ Mi

Ẹ má bi mí bóyá mo mu nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kúnú ni mo mu, kúnú kì í sì í pani. Ẹ má sì bi mí bóyá oorun ló ń kùn mí, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ ò tíì ṣú, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì ń pariwo lẹ́yìn mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló kàn án. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó máa lọ ilé ẹ̀, n ò bá a jà. Ṣùgbọ́n tó bá ń lọ, kó máa wẹ̀yìn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti so ayé obìnrin kan rọ̀ títí di òní. Obìnrin náà ò mọ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ máa sọ fún.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló wá ta aṣọ níbí láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó ń wa kùsà ní Bukuru. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àní "kà" yẹn gan-an, mo bù ú fún ara mi ni. Mo jókòó nínú kíláàsì. Tí mo bá ń tajà, Hausa ni mo fi ń tà á. Tí mo bá ń bú èèyàn, Hausa náà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ kó dun onítọ̀hún wọ eegun, mo máa ń padà sí Yorùbá.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí: mò ń háyà fóòmù fún àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ìlú wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá tíì jókòó lórí sìmẹ́ńtì Jos nígbà ọyẹ́, kò mọ ìyà tí ìdí ń jẹ. Bíi kéèyàn jókòó lórí yìnyín ni. Mo ra bẹ́ẹ̀dì fóòmù àlòkù, mo gé e sí wẹ́wẹ́, mo rán aṣọ àtijọ́ bò ó. Mama Katifa ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, nítorí katifa ni Hausa ń pe bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ burúkú ni fún obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tajà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń jí fóòmù mi gbé lọ. Ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó fi táì dè é, á ki fóòmù bọ abẹ́ kóòtù bí ẹni tó jí adìẹ. Ni mo bá dá òfin sílẹ̀: kí o tó gba fóòmù, bọ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, ti òsì, fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Tí o bá dá fóòmù padà, o gba bàtà. Ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ò lè jí nǹkan kan láyé yìí. Mo ti rí ọ̀gá báńkì tó ń tiro gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, tí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń wò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, iṣẹ́ mi dùn.

Iṣẹ́ kejì wà, ọ̀fẹ́ ni mo sì ń ṣe é. Iléeṣẹ́ rédíò kan ní ìlú wa, n ò ní dárúkọ wọn, máa ń sọ bọ́ọ̀lù lórí afẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Yákúbù lorúkọ ẹni tó ń sọ ọ́. Yàrá kékeré kan tó wà lókè ibi tí mò ń kó fóòmù sí ló máa ń jókòó sí. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé, ìdajì àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù ló ń gbé rédíò kékeré mọ́ etí. Bọ́ọ̀lù wà níwájú wọn o, wọ́n tún ń gbọ́ ọ! Mo bi bàbá kan pé kí ló dé. Ó ní bọ́ọ̀lù Yákúbù dùn ju èyí tí wọ́n ń gbá lọ.

Tí ẹnìkan bá fẹ́ kí ará ilé rẹ̀ láti pápá, á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, á fún mi, èmi á gbé e lọ fún Yákúbù lókè. Tí bọ́ọ̀lù bá ti jáde síta, Yákúbù á kà á. Lágbájá ń kí ìyàwó rẹ̀, Làkáṣègbè ń kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kì í ka ìwé náà. Kí ni mo fẹ́ fi kà á?

Sánńdè kan báyìí ni, ọyẹ́ sì mú gan-an. Eruku bo pápá débi pé a ò rí ojúlé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù lọ sápá ibẹ̀, a máa dúró kí àwọn ará ibẹ̀ pariwo ká tó mọ̀ bóyá ó wọlé. Wọ́n ti gbá a tó bí ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ẹni tó fẹ́ fóòmù ti gbà, mo ti jókòó, mò ń bó ẹ̀pà.

Mo gbójú sókè, ọkùnrin kan dúró níwájú mi.

N ò rí ibi tó gbà wọlé. Ẹ rántí pé ẹnu àtẹ̀gùn ni mò ń jókòó sí, kò sí ẹni tó lè kọjá kí n má rí i. Mo kàn sọ fún ara mi pé ẹ̀pà ló gbà mí lójú.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá," ló wí.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́. Yorùbá ló fi kí mi, ìyẹn sì wọ̀ mí lára, torí ní pápá yẹn Hausa ni gbogbo wa ń bá ara wa sọ. Ó tó ọmọ ogójì ọdún. Ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"O káàbọ̀, ọmọ wa. Bọ́ bàtà òsì."

Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ń bi mí pé kí ló dé, àwọn mìíràn á bú mi díẹ̀. Eléyìí ò bèèrè nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ní Jos, ẹsẹ̀ gbogbo wa ló ń funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú ìyẹ̀fun, gìgísẹ̀ á sì là. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí mọ́. Kò sí eruku láàárín ọmọ ìka kan ṣoṣo. Ó mọ́ bí ẹsẹ̀ tí ẹlòmíràn wẹ̀ fúnni.

"Ta ló ń bá ẹ wẹ ẹsẹ̀?" mo bi í, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìwé kan tí wọ́n ká ní mẹ́rin. "Ẹ bá mi fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lókè yẹn."

"Ìkíni ni?"

"Ìkíni ni. Ṣé wọ́n á gbọ́ ọ nílé?"

"Wọ́n á gbọ́ ọ dé Bukuru."

Ó mi orí. Ó wá sọ pé, "Mo ti bá èèyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, Ìyá. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

"Àwọn ará géètì? Àwọn yẹn ò dá ìyá tó bí wọn lóhùn tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Máa lọ jókòó."

Mo fún un ní fóòmù kan tó ní aṣọ aláwọ̀ ewé. Ó gbà á, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ìlà tó wà lókè pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí nítorí atẹ́gùn. Mo rí i tó tẹ́ fóòmù sílẹ̀. Mo rí i tó jókòó lé e. Ojú mi méjèèjì.

Mo gbé ìwé lọ fún Yákúbù. Kò pẹ́, bọ́ọ̀lù jáde síta, ohùn Yákúbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú gbogbo rédíò kéékèèké tó wà létí àwọn èèyàn. Hausa ló fi kà á, ṣùgbọ́n ohun tó kà nìyí:

"Ràṣídì tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Nasarawa Gwong ń kí Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀. Ó ní kó má dúró de òun mọ́. Ó ní kó sọ ìkòkò kalẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe."

Yákúbù bú sẹ́rìn-ín. "Kai, Ràṣídì! O wá wo bọ́ọ̀lù, o tún ní kí ìyàwó má dúró! Ibo lo tún ń gbà lọ? Màdáámù, ẹ ti ilẹ̀kùn o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Mo wẹ̀yìn wo ìlà òkè kí n fi ojú fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n eruku ti bo ibẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ku díẹ̀ kó parí nígbà tí obìnrin kan já wọlé. Hìjáàbù rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọrogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun sì wà lára ọmọrogùn. Ó kọ́kọ́ sáré kọjá níwájú mi gòkè lọ bá Yákúbù, Yákúbù ló na ọwọ́ sí mi.

"Ta ni Mama Katifa?"

"Èmi ni. Fóòmù lo fẹ́ ni àbí ìjà?" Mò ń wo ọmọrogùn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan. Ta ló fún yín?"

Ó ki ọmọrogùn bọ abíyá, ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó fi àwòrán kan hàn mí. Ọkùnrin ni, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Òun ni," mo wí. "Súwẹ́tà yìí gan-an ló wọ̀."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi. Òun ni Sìdíkátù. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí Ràṣídì ti jáde nílé lọ́jọ́ Sánńdè kan, tó ní òun ń lọ wo bọ́ọ̀lù, tó ní kí wọ́n bo oúnjẹ òun. Kò padà wálé. Wọ́n wá a dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n wá a dé gbogbo ọsibítù, wọ́n wá a dé Bukuru. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, rédíò tó fi sílẹ̀ nílé, obìnrin yìí ò jẹ́ kí wọ́n pa á, kò sì jẹ́ kí wọ́n yí i kúrò ní iléeṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sí. Bó ṣe gbọ́ nìyẹn. Ó ń ro ọkà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti Ààfáà ní ìdúró náà tó gẹ́ẹ́," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí làwọn máa ṣe fìdáù rẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ ọpó. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ̀. Àná ni mo gbà fún wọn, Ìyá. Àná!"

A gun òkè lọ. Fóòmù aláwọ̀ ewé wà níbi tó tẹ́ ẹ sí. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo tú àpò bàtà, mo fa ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ jáde. Ìgbà tí Sìdíkátù rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun lòun gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, òun lòun ní kí wọ́n fi òwú pupa gán an nítorí kò sí dúdú. Òwú pupa wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ó di etí ìró mi mú.

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ṣé ó wà láàyè?"

Ẹ wò ó, n ò ní irọ́ kankan nínú lásìkò yẹn. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi tó máa ń yá ju ẹsẹ̀ mi lọ sì ti là.

"Ó wà láàyè bí èmi pẹ̀lú ìwọ ṣe wà láàyè," mo wí. "Òkú ń wọ bàtà ni? Jẹ́ kí wọ́n kó ìrẹsì fìdáù wọn jẹ. Ọkọ rẹ ń bọ̀ wálé."

Obìnrin náà sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Ó gba bàtà yẹn, ó sì sáré lọ bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà láti lọ sọ fún wọn nílé. Mo dúró, mò ń yọ̀. Ó dà bí ẹni pé mo bímọ fún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fun fèrè òpin.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí ẹ̀yin ò lè mọ̀, nítorí pé ẹ kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Fóòmù tí èèyàn bá jókòó lé máa ń padà wá pẹ̀lú ooru. Nínú òtútù Jos, ooru yẹn nìkan ló máa ń yá mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí n má tan yín. Ó tún máa ń ní kòtò. Mo lè di ojú, kí n fọwọ́ kan fóòmù, kí n sì sọ bóyá ọkùnrin sísanra ló jókòó lé e ni, àbí tẹ́ẹ́rẹ́, bóyá ó fara balẹ̀ ni, àbí ó ń fò sókè sódò. Ìdí kì í parọ́.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti gba bàtà wọn, mo gòkè lọ mú fóòmù aláwọ̀ ewé.

Eruku wà lórí rẹ̀.

Kì í ṣe eruku díẹ̀. Eruku tó bò ó pa, tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti etí dé etí, bí èyí tó máa ń wà lórí nǹkan tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ti fi igi lu fóòmù yẹn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, mo gbọ̀n ọ́n dáadáa. Kò sí kòtò. Kò sí ojú ìdí, kò sí ojú ọwọ́. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi hàn ketekete nínú eruku, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Òtútù tó wá láti inú fóòmù náà wọ inú ìka mi, ó gun apá mi dé èjìká. Fóòmù kì í tutù báyẹn. Òkúta ló ń tutù báyẹn.

Mo rí i tó jókòó lé e. Mo ti sọ fún yín.

Mo wá rántí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ́ bíi ti òkú tí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ta ló wẹ̀ ẹ́? Níbo ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́? Ta ni ò mọ orúkọ rẹ̀ débi tí wọn ò fi rí ẹni ránṣẹ́ sí? Mo tún rántí ohun tó wà nínú ìwé tí gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín: kó má dúró de òun mọ́, kó jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Orí mi wú. Ọkùnrin yẹn wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe fìdáù òun. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó ìrẹsì rẹ̀ jẹ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n ò gba Nasarawa Gwong lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ lọ. Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, Yákúbù sì ti dúró sílé mi pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ àwọn fẹ́ gbé e nínú ìròyìn: ọkùnrin tó sọnù ti yọjú ní pápá ìṣeré. Ó ní ìwé ìkíni náà ti sọnù lórí tábìlì òun, nítorí náà èmi nìkan lẹlẹ́rìí. "Mama Katifa, gbogbo Plateau ló máa gbọ́ yín," ó wí.

Ẹ ò mọ bí máíkì ṣe ń ṣe èèyàn. Obìnrin tó ka ìwé mẹ́fà, tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí fóòmù ìdí, ẹnìkan wá gbé máíkì síwájú rẹ̀, ó ń pè é ní ẹlẹ́rìí. Mo ti mọ òtítọ́ nígbà náà o. Ìka mi ṣì ń tutù. Mo la ẹnu, mo sì ní, "Mo fi ojú mi rí i, koko lara ẹ̀ le." Wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀, wọ́n tún gbé e ní ọ̀sán. Àwọn aládùúgbò wá kí mi. Mo ra kúnú fún wọn.

Jímọ̀ dé. Wọn ò ṣe fìdáù.

Láti ìgbà náà, kò sí Sánńdè tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tí Sìdíkátù ò wá. Á ro ọkà, á bò ó sílẹ̀ nílé, á wá jókòó sí ìlà òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ọ̀rá. Mo ní kó gba fóòmù, ọ̀fẹ́ ni, ó ní rárá, òun ò ní jókòó sórí nǹkan rírọ̀ nígbà tí òun ò mọ ibi tí ọkọ òun ń jókòó sí. Ikọ́ ti mú un. Ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì tó ní ní Bauchi Road, ó máa ń tì í lọ́pọ̀ ìgbà, torí ó ti ń wá sí pápá lọ́jọ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù pàápàá. Ọkùnrin kan, ọmọlúàbí, ti fẹ́ dúró dè é kí ọpó rẹ̀ parí. Ó ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Alhaji Lásísì, wá bá mi lẹ́ẹ̀kan. Àgbà tó le ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ gbé.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí i dájú?"

"Kí ló dé, Alhaji?"

"Mo máa ń lá àlá rẹ̀. Ó máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Mo ní kó wọlé, kì í wọlé. Mo ní kó jókòó, á ní kò sí ibi tí òun lè jókòó sí."

Ọ̀rọ̀ náà wà létè mi. Wallahi, ó wà létè mi! Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, kí ni n ó sọ nípa rédíò? Kí ni n ó sọ nípa obìnrin tó ń wú ikọ́ lórí sìmẹ́ńtì láti ìgbà náà? Mo ní, "Alhaji, oúnjẹ alẹ́ yín ló pọ̀ jù. Ẹ dín in kù." Ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó lọ.

Fóòmù aláwọ̀ ewé, n ò háyà rẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ àpò pátápátá ni mo fi sí, mo kó ogójì fóòmù lé e lórí. Ní Sánńdè mẹ́ta sẹ́yìn, mo tú àpò náà láti bẹ̀rẹ̀ ọjà. Òun ló wà lókè. Ìwé kan wà lórí rẹ̀, wọ́n ká a ní mẹ́rin.

Mo so ó mọ́ etí aṣọ. N ò gbé e fún Yákúbù. Mo ronú pé, ìwé àkọ́kọ́ ní kí obìnrin yìí má dúró, ẹnu mi sì sọ ọ́ di pé kó dúró. Ta ló mọ ohun tí èyí máa ṣe? Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì ní Bauchi Road, ó máa ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ará ilé mi. Mo ní kó bá mi kà á, kó rọra kà á.

Ó tú u. Ó wo ìwé, ó wò mí.

"Mama, ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí o."

"Èmi báwo?"

"'Sí Mama Katifa.' Ohun tó wà lókè nìyẹn. Ó wá ní..."

Mo já a gbà.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀ nà, Mama. Kò gùn."

"Má parí ẹ̀. Máa lọ."

Ó ṣì wà létí aṣọ mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé mo lè wá ẹlòmíràn tó máa kà á. Mo mọ̀ pé mo lè dé Nasarawa Gwong kí ẹ̀pà inú ọwọ́ mi tó tán. Ohun tí n ò mọ̀ ni bóyá Sìdíkátù á yè é, tí mo bá sọ fún un pé gbogbo ọkà tó ti rò láti ìgbà náà, èmi ni mo mú un rò ó.

Sánńdè tó kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi bó ṣe máa ń ṣe tí bọ́ọ̀lù bá parí. Ó ti rù. Ikọ́ ò jẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ṣé kò fi nǹkan kan rán yín?"

Mo fi ọwọ́ tẹ etí aṣọ mi.

"Kò fi nǹkan kan rán mi."

"Kò burú. Ọlọ́run á san án fún yín, Ìyá. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, wọn ì bá ti sin ín sínú àdúrà báyìí, kí n sì máa fi ọkọ alààyè ṣe òkú."

Mo ṣe àmín. Kí ni kí n tún ṣe?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èyí, mo bẹ̀ yín. Tí ẹnìkan bá ń wá èèyàn rẹ̀, tó di aṣọ yín mú, tó bi yín bóyá ẹ rí i, ẹ má yára. Ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ ṣe yín láàánú débi tí ẹ ó fi dáhùn. Ẹ ní ẹ ò mọ̀. Inú á bí i, á bú yín, ẹ jẹ́ kó bú yín. "N ò mọ̀" ò tíì dá òkú kankan dúró lójú ọ̀nà.